Ọmọ mi ní Iron Man ló jàre, kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin jọ ń ka Civil War, ìtàn alàwòrán tí Marvel gbé jáde ní 2006 sí 2007. Nínú ìtàn náà, ìjà àwọn alágbára, ìyẹn àwọn tó ní agbára àrà ọ̀tọ̀, fa ìbúgbàù tó pa èèyàn tó lé ní 600 ní ìlú Stamford, ìjọba wá ṣòfin pé kí gbogbo alágbára forúkọ gidi sílẹ̀. Iron Man ló ṣáájú àwọn tó fara mọ́ ọn, Captain America ló ṣáájú àwọn tó kọ̀ ọ́. Ọmọ mi fara mọ́ òfin náà. Mi ò lè dá a lẹ́bi, torí ìyá tó tutọ́ sí Tony Stark, ìyẹn Iron Man fúnra rẹ̀, lójú nítorí ọmọ rẹ̀ tó kú níbẹ̀ ká èmi náà lára gan-an.

Ṣùgbọ́n òfin ò tíì jáde tí àwọn agbófinró ìjọba ti dojú ìbọn kọ Captain America! Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kọ́ sí Negative Zone, ayé mìíràn kan, ló wá burú jù: wọ́n ń ti àwọn tó kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ mọ́bẹ̀ láì gbé wọn dé kóòtù. Ọmọ mi ní ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ìlú nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ láì fipá mú un gba tèmi? Ṣé kí a kọ́kọ́ ka apá ti Spider-Man, tó kúrò lẹ́yìn Iron Man nígbà tó fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀wọ̀n náà?