Tretinoin ń bó ojú, ìpara ọjà ń mú un dán: èwo ló ń ba awọ jẹ́?

Ìyá Àkànní, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá fún àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 22, tó ń kàwé ní LAUTECH. Rorẹ́ kún ojú rẹ̀, dókítà awọ sì kọ tretinoin 0.025% fún un pé kó máa fi pa ojú lálẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tó ti ń lo ìpara onítúùbù kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tó mú ojú rẹ̀ dán tó sì pọ́n. Kò sọ ìyẹn fún dókítà. Ní báyìí ó ń pa méjèèjì pọ̀. Ojú ń bó, ó ń ta á, rorẹ́ sì tún ń pọ̀ sí i. Èwo ni kó dá dúró? Ẹnìkan tún ní kó máa gbé fítámì A mì kún un.

Bọ̀dá Kẹ́míìsì:
Ìyá Àkànní, ẹ kọ́kọ́ ka ara túùbù ọjà yẹn. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò, ẹ fi orúkọ gàdàgbà iwájú sílẹ̀. Tí ẹ bá rí clobetasol propionate, betamethasone, fluocinonide, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni; orúkọ mìíràn tó bá parí sí “-sone” tàbí “-onide” náà sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan. Clobetasol 0.05% wà lára àwọn tó le jù: kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ní ìtẹ̀léra, kì í kọjá gíráàmù 50 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, a kì í sì í fi pa ojú. Oṣù mẹ́fà ní ojú! Háà.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Sítẹ́rọ́ọ̀dù á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á bá receptor rẹ̀ (purotéènì tó ń gbà á) tó ń dúró dè é níta nucleus, ìyẹn yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì tí DNA wà, àwọn méjèèjì á jọ wọlé lọ bá DNA. Wọ́n á pa àwọn jíìnì tó ń fa wíwú àti yíyún lẹ́nu mọ́, ìdí nìyẹn tí ara fi ń tètè rọ èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dá sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ awọ dúró pé kó má pín mọ́, wọ́n sì ń dín collagen, purotéènì tó gbé awọ ró, kù. Awọ á wá tín-ín-rín, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hàn síta, rorẹ́ tuntun á yọ. Dídán tí ẹ rí yẹn, awọ tó ti fẹ́lẹ́ ni.

Olùkọ́ Láàbù, Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà tretinoin díẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń purọ́ mọ́ jù.

Ìpele ìsàlẹ̀ awọ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín, keratin 5 àti 14 (purotéènì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì awọ le) ló sì ń ṣe níbẹ̀. Bó bá ti ń gòkè, kò ní pín mọ́, á pa jíìnì méjèèjì yẹn tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe keratin 1 àti 10. Tó bá súnmọ́ òkè, ó kan purotéènì loricrin àti filaggrin, lẹ́yìn náà á kú, á di ìpẹ́ pẹlẹbẹ tí a ń fọ̀ dànù. Ìrìn yẹn máa ń gba nǹkan bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tretinoin ni retinoic acid gan-an, fítámì A tó ti dé ipò tí sẹ́ẹ̀lì lè lò ó tààrà. Inú nucleus ni receptor tirẹ̀ ti jókòó sórí DNA tẹ́lẹ̀. Méjì ni wọ́n ń so pọ̀: RAR tó ń gba oògùn, àti RXR ẹnìkejì rẹ̀. Nínú awọ, RAR-gamma àti RXR-alpha ló pọ̀ jù. Kí oògùn tó dé, purotéènì tó ń ti jíìnì pa ló so mọ́ wọn. Bí oògùn bá wọlé, ìyẹn á já bọ́, àwọn tó ń ṣí jíìnì á gba ipò rẹ̀. Ọdún 1987 ni ikọ̀ Pierre Chambon ní Faransé àti ti Ronald Evans ní Amẹ́ríkà rí RAR, kálukú lọ́tọ̀.

Ibi tó ń da orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú ni èyí. Nínú abọ́ láàbù, retinoic acid kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì awọ dàgbà parí. Keratin 1, 10 àti loricrin á lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lára èèyàn, ṣe ni ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ń nípọn sí i. Sẹ́ẹ̀lì òkè tó gba oògùn ló ń ṣe purotéènì kan tó ń jẹ́ HB-EGF, èyí sì ń ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n máa pín. Ìpẹ́ òkú orí awọ ló ń tú, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń le sí i. Nínú ihò irun pẹ̀lú, ìpẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra tó ń dí ihò náà kò ní lè lẹ̀ pọ̀ mọ́, bó ṣe ń wo rorẹ́ nìyẹn.

Ní kúkúrú, ìpara kan ń ní kí sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ pín, èkejì ń ní kó má pín, lójú kan náà, lálẹ́ kan náà.

Ọmọ Aláàfin:
Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìpara kan wà tí wọ́n po tretinoin àti sítẹ́rọ́ọ̀dù pọ̀ fún àbàwọ́n ojú?

Olùkọ́ Láàbù, Ọ̀yọ́:
Ó wà. Fluocinolone acetonide 0.01%, hydroquinone 4%, tretinoin 0.05%. Sítẹ́rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kò le tó clobetasol, kì í sì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lábẹ́ ojú dókítà. Àbàwọ́n ló wà fún, kì í ṣe rorẹ́.

Nọ́ọ̀sì Tákìé:
Àǹtí, kó kó túùbù méjèèjì padà lọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá dá sítẹ́rọ́ọ̀dù dúró, ojú lè pọ́n kó wú kó máa gbóná bí iná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré padà sídìí túùbù. Dókítà ló máa sọ bóyá ká rọra fà á sẹ́yìn. Kó fi tretinoin náà sílẹ̀ títí ojú kò fi ní ta á mọ́.

Tí wọ́n bá ní kó tún bẹ̀rẹ̀: kó fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú, kó dúró bí ogún ìṣẹ́jú kó gbẹ dáadáa, torí ojú tútù ló ń mú oògùn wọlé jù. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó fún gbogbo ojú. Kó má kan ẹ̀bá ẹyinjú, igun imú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kó máa fo alẹ́ kan. Tí ọyẹ́ bá mú, kó fi ìpara tó ń mú awọ tutù sábẹ́ rẹ̀ àti sórí rẹ̀. Òrí nípọn jù fún ojú olórorẹ́, kó fi sí ara. Lọ́sàn-án, ìpara ààbò oòrùn SPF 30. Kó gbé kànìnkànìn kúrò lójú pátápátá. Rorẹ́ lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni kó tó ṣèdájọ́.

Bọ̀dá Kẹ́míìsì:
Ti fítámì A, rárá. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí. Epo pupa inú ọbẹ̀ kò léwu, nítorí ìwọ̀n tí ara bá fẹ́ ló ń sọ di fítámì. Tí oyún bá wà lọ́kàn rẹ̀, kó dá tretinoin dúró. Isotretinoin oníhóró tí a ń gbé mì burú jùyẹn lọ, ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ti pé oṣù kan ó kéré tán tí èèyàn ti dá a dúró kó tó lóyún.

Ọmọ Aláàfin:
Bàbá wa ní psoriasis, àrùn awọ tó ń yọ ìpẹ́, ìpara calcipotriol ni wọ́n fún wọn. Ṣé ìdílé kan náà ni òun àti tretinoin?

Olùkọ́ Láàbù, Ọ̀yọ́:
Mọ̀lẹ́bí ni. Receptor fítámì D ló ń bá ṣiṣẹ́, òun náà sì ń so mọ́ RXR. Ó ń dín pípín sẹ́ẹ̀lì kù, ó ń jẹ́ kó dàgbà parí. Kí Bàbá má lò ju gíráàmù 100 lọ lọ́sẹ̀, torí calcium lè gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n má pa á pọ̀ mọ́ salicylic acid, á ba á jẹ́. Kí wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Àkànní, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo wo túùbù náà: kò sí orúkọ oògùn kankan, kò sí nọ́ńbà NAFDAC.

Nọ́ọ̀sì Tákìé:
Ẹ kà á sí sítẹ́rọ́ọ̀dù tàbí mẹ́kúrì títí ẹ ó fi rí òdìkejì rẹ̀. Kó má fi pa ojú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù, dókítà máa fẹ́ rí i. Tó bá ṣe pé ó ń fi pa gbogbo ara, tó wá ń rẹ̀ ẹ́ gidigidi, tó ń bì, tí òyì ń kọ́ ọ lẹ́yìn tó dá a dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.