Kí ni ìtumọ̀ «keen» gan-an?
Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Ọmọ mi kọ «I am keen to buying fish» nínú àròkọ rẹ̀ lórí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ níbí, olùkọ́ rẹ̀ sì fa igi pupa lé e. Ó yé mi pé «keen to buy» tàbí «keen on buying» ló yẹ kó kọ. Ohun tó rú mi lójú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tí nǹkan ń wù gidigidi àti fún ọ̀bẹ tó mú, irú èyí tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja fi ń la ikùn ẹja. Ṣé «ara rẹ̀ ti wà lọ́nà» ni kí n fi túmọ̀ rẹ̀, àbí «ó ní ìtara», tó ń dún bí ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ létí mi? Níbo sì ni «eager» ti yàtọ̀ sí i?