Kí la lè fi kún koríko gbígbẹ fún màlúù lẹ́ẹ̀rùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùsìn màlúù. Abẹ́òkúta ni mo wà. Màlúù mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 250 kìlógíráàmù. Tí ọyẹ́ bá ti dé, puróténì inú koríko gbígbẹ kì í sábà tó 7 nínú 100. Kòkòrò àìfojúrí inú àpòlúkù ò ní rí oúnjẹ tó, koríko ò ní dà, màlúù á sì máa rù. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ò lè yanjú ẹ̀, torí puróténì rẹ̀ kéré.

Èrò mi ni PKC, ìyẹn pàǹtí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀, kìlógíráàmù kan, pẹ̀lú ewé igi agúnmániyè (Gliricidia) kìlógíráàmù mẹ́ta fún màlúù kan lójúmọ́. Màá kọ́kọ́ sá ewé náà kó rọ, torí òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n tètè gbà á.

Yùríà, ìyẹn ajílẹ̀ tí wọ́n tún máa ń fi sí oúnjẹ gbígbẹ kí puróténì rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ló ń bà mí lẹ́rù. Kìlógíráàmù mẹ́rin nínú omi lítà 50 là ń wọ́n sí pòròpóró 100 kìlógíráàmù, ká dì í pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí kò bá pò dọ́gba lè pa màlúù.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé agúnmániyè lè rọ́pò PKC pátápátá? Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú PKC tí kò fi ń bu?