Ọdún tí àdánù dé, mo ṣì kọ fọ́ọ̀mù owó orí

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ẹ̀yin ará mi, adìẹ ẹlẹ́yin ni mò ń sìn. Lọ́dún tí àrùn wọ ilé adìẹ mi, àwọn tó kú pọ̀ ju àwọn tó kù lọ, oúnjẹ adìẹ sì ti wọ́n gógó. Àwọn tá a jọ ń ṣòwò ní kí n má wulẹ̀ dé ọ́fíìsì owó orí ní Adó, pé orí èrè ni wọ́n ti ń gba owó orí.

Mo lọ. Mo kó rìsíìtì oúnjẹ adìẹ, ìwé tí dókítà ẹran kọ, àti ìwé tí mo ń kọ iye adìẹ tó ń kú sí lójoojúmọ́. Mo dá fọ́ọ̀mù padà kí 31 oṣù kẹta tó pé. Ẹ gbọ́, bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan, òfin gbà wọ́n láyè láti fojú díwọ̀n èrè yín, kí wọ́n sì bu owó lé yín. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti kọ̀wé takò ó. Kí lẹ máa fi takò ó láìsí àkọsílẹ̀?

Lọ́dún kejì tí adìẹ tuntun ń yé dáadáa, wọ́n yọ àdánù yẹn kúrò nínú èrè mi kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ẹnikẹ́ni ò fún mi lówó o! Inú èrè òwò adìẹ yẹn náà ni wọ́n ti yọ ọ́. Ara tù mí gan-an.

Láti Ìjerò-Èkìtì:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ aṣọ rírán lèmi ń ṣe. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé owó ilé ìwé ọmọ àti owó aṣọ ẹbí kì í ṣe àdánù òwò. Láti oṣù kìíní 2026, òfin tuntun kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, àwọn kan sì ti ń sọ pé kò sí fọ́ọ̀mù mọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọ́. Nígbà tí ilé ìwé kan fẹ́ gbé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù fún mi, ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta ni wọ́n béèrè. Ọdún tí mo pàdánù wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Torí pé mo ti kọ ọ́, ìwé náà jáde, mo sì gba iṣẹ́ náà.