Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ dókítà lásìkò Kòrónà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún tí mo máa fi ṣàṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nìyí. Wọ́n kó wa jọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní bí àjàkálẹ̀ àrùn míì bá bẹ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè wá sí wọ́ọ̀dù ká tó gbàwé ẹ̀rí. Mi ò ní ẹbí kankan nítòsí. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ ọdún 2020 ṣojú yín, kí ló yẹ kí n ti mọ̀ láti ìsinsìnyí?

Dókítà:
Àbúrò mi, o ṣeun tó o tètè béèrè. Mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 pé ọ̀rọ̀ ti di àjàkálẹ̀ àrùn káríayé. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba ọ́síjìn, mi ò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ amúnimí rí láyé mi.

Má fi ìtìjú bo àìmọ̀. Bí wọ́n bá ní kó o ṣe ohun tí wọn ò kọ́ ẹ, sọ ọ́ síta: "Mi ò tíì ṣe èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mí." Má rò pé ìwọ nìkan lo ò mọ̀. Àwọn dókítà àgbà pàápàá ń kọ́ àrùn yẹn lójoojúmọ́ ni. Hydroxychloroquine, oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fún aláìsàn níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ìwádìí RECOVERY tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé kò ran àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn lọ́wọ́. Ìwádìí kan náà ló tún sọ fún wa lọ́jọ́ 16 oṣù kẹfà pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, ń dín ikú kù. Mílígíráàmù 6 lójúmọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ. Ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín ikú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí kù, ó fi ìdá kan nínú márùn-ún dín ti àwọn tó ń gba ọ́síjìn lásán kù. Ẹni tí kò nílò ọ́síjìn kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Torí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé báyìí la ṣe ń ṣe é, bi í pé kí ló fà á. Ìdáhùn lè yàtọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ti ìbomú, má jẹ́ kí wọ́n há a fún ẹ bí ẹní há bébà. Oríṣi ìbomú tí wọ́n ń pè ní N95 gbọ́dọ̀ lè mú ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tíntìntín inú afẹ́fẹ́, FFP3 ìdá 99, àmọ́ asán ni gbogbo ẹ̀ bí kò bá lẹ̀ mọ́ ojú ẹ dáadáa. Ní kí wọ́n dán an wò fún ẹ. Wọ́n á fi nǹkan bí ìbòrí bò ẹ́ lórí, wọ́n á fín ohun kíkorò sínú ẹ̀, wọ́n á ní kó o máa sọ̀rọ̀, kó o máa mirí. Tó o bá tọ́ ìkorò yẹn wò lẹ́nu, ibì kan ń jò nìyẹn, kí wọ́n fún ẹ ní oríṣi míì. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀.

Bíbọ́ aṣọ ààbò gan-an ló léwu ju wíwọ̀ ẹ̀ lọ, torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, omi lò ń wá. Má kánjú. Kí ẹnì kan máa wò ẹ́. Ìbọ̀wọ́ wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ kúrò, ìbomú ló máa ń kẹ́yìn, ìta yàrá aláìsàn lo ti máa bọ́ ọ. Máa nu ọwọ́ ẹ láàárín.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ni fóònù. Wọn ò jẹ́ kí ẹbí wọlé, àwa kéékèèké la sì máa ń pe ilé wọn lọ́sàn-án. Bàbá kan kú lọ́jọ́ kan. Mo pe ọmọ wọn obìnrin, mo ní, "Bàbá yín ti lọ." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Wọ́ọ̀dù wo lẹ gbé wọn lọ?" Mo ní láti tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bá a, mi ò sì tíì gbàgbé ohùn ẹ̀. Ó ti mọ́ àwa tá a ń sọ Yorùbá lára ká ní ẹnì kan papò dà, pé ó ti filẹ̀ ṣaṣọ bora. Pẹ̀lú ẹni tó ò rí lójú, tí ìbomú tún dí ohùn ẹ, pe ikú ní ikú. Sọ orúkọ ẹ àti ibi tó o ti ń pè. Béèrè bóyá ó wà níbi tó ti lè jókòó, bóyá kì í ṣe pé ó ń wakọ̀. Sọ fún un pé ìròyìn burúkú ni. Sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kó o dákẹ́, bó ti wù kí ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó. Tó o bá parí, má tíì pe ilé ẹlòmíì. Bọ́ síta ná.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe:
Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Àbúrò, èmi á fi ti dída aláìsàn dé kún un. Àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti burú, a máa ń dojú wọn bolẹ̀ fún wákàtí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí atẹ́gùn lè dé ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró. Èèyàn márùn-ún sí méje ló ń ṣe é. Ẹni tó di orí àti ọ̀pá ìmí mú ló ni àṣẹ, òun ló ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mira kó tó kà á tán, bí ẹni ọ̀hún tiẹ̀ kéré jù níbẹ̀. Tún fi kálámù gàdàgbà kọ orúkọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ sáyà aṣọ ààbò. Aláìsàn ò rí nǹkan kan ju ojú rẹ lọ.

Dókítà:
Ẹ ṣeun, mà. Òótọ́ ni.

Ẹni tó ti lo físà iṣẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé. Ní 2020, orílẹ̀-èdè ò ṣe é bákan náà. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́nu ìtọ́jú aláìsàn fúngbà díẹ̀. Ítálì ní tiẹ̀ yọ ìdánwò ìjọba kúrò kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lè tètè bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì forúkọ àwọn ọdún àṣekágbá sílẹ̀ ṣáájú àkókò, ẹni tó bá fẹ́ ló sì ń lọ. Kó o tó buwọ́ lùwé, béèrè ta ló máa bójú tó iṣẹ́ ẹ, èló ni owó ẹ, ta ló máa dúró fún ẹ bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ tàbí bó o bá ṣàìsàn, àti bóyá wọ́n á kà á mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ. Gba gbogbo ẹ̀ ní kíkọ. Máa kọ wákàtí tó o ṣe àti iṣẹ́ tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lo wà, físà ńkọ́? Lópin oṣù kẹta ọdún yẹn, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn máa fi ọdún kan kún físà àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí tiwọn fẹ́ẹ́ tán, láìgba owó. Ojú ìwé ìjọba fúnra ẹ̀ ni kó o ti máa wá irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Má gba ti WhatsApp gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú lẹ́tà sí ọ́fíìsì wọn, ọ̀la ni mo máa fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n dókítà, ṣé mo lè pè yín lópin ọ̀sẹ̀, ká fi ìpè ilé aláìsàn yẹn dánra wò? Kí ẹ̀yin ṣe bí ẹbí, kí èmi sọ ọ́.

Dókítà:
Pè mí lálẹ́ Sátidé. Mi ò ní sí lẹ́nu iṣẹ́.