Odídẹrẹ́ mi kọ èso àti ẹ̀fọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹyẹ. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Odídẹrẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi, bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó dolóògbé, ó sì ti lé lógún ọdún. Ẹ̀pà àti ọkà bàbà nìkan ló mọ̀ lóúnjẹ. Dókítà ẹran ti kìlọ̀ fún mi pé fítámì A inú wọn ò tó o rárá.

Mo wá ra ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa l'Ókè-Ajé, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo. Ó fẹnu mú ẹyọ kan, ó wò mí lójú, ó jù ú sílẹ̀, ó sì da àwo nù. Ló bá fi ohùn bàbá mi gan-an pariwo pé, "Ẹ̀pà dà?" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, kí omi tó bọ́ lójú mi.

Kárọ́ọ̀tì àti tẹ̀tẹ̀, bákan náà. Ata rodo nìkan ló gbà, ata kì í sáà ta ẹyẹ lẹ́nu. Pẹ́à (afokádò) ní tiẹ̀, mi ò jẹ́ dán an wò, májèlé ni fún wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù ní kí n febi pa á fún ọjọ́ méjì. Ẹyẹ àgbà! Mi ò lè ṣe é.

Ṣé kí n máa gbé ẹ̀fọ́ fún un láàárọ̀ kùtù, kó tó rí ẹ̀pà ni? Àbí kí n máa jẹ ẹ́ níwájú ẹ̀? Ó tó ìgbà wo kí tiyín tó gbà? Ẹ jọ̀ọ́, mò ń retí yín.