Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí résìn àti àdìrẹ: ó ti yanjú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo béèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè ri àdìrẹ sínú résìn (oje oníke tó máa ń gbẹ, tó sì ń le bíi dígí), kí n fi ṣe pẹlẹbẹ tí à ń gbé ife lé, láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ta róbótó-róbótó sójú rẹ̀. Ó ti bọ́ sí i!

Inú òwú aṣọ gan-an ni afẹ́fẹ́ náà ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ní kí n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun aṣọ ní résìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tojú tẹ̀yìn, kó gbẹ kí n tó da ìyókù lé e, ẹ ò ní ṣìnà láé. Àjákù àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró) láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo lò. Bí résìn ṣe wọ̀ ọ́ ni aró ṣú sí i, àmọ́ ìlà funfun tí ẹ̀kọ fi sílẹ̀ hàn ketekete. Ó wù mí dọ́ba!

Kí aṣọ gbẹ táútáú o, torí résìn kì í bá omi ṣe. Ìwọ̀n résìn sí hádínà (oje kejì tí à ń pò mọ́ résìn kó lè le) tó wà lára ike ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé: òmíràn 1 sí 1, òmíràn 2 sí 1. Àfikún hádínà kì í mú un yá, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó rọ̀. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Ẹni tó béèrè bóyá a lè gbé ife tíì gbígbóná lé e: ọ̀pọ̀ résìn kì í fara da ooru, ife lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ife omi tútù ni kẹ́ ẹ máa gbé lé tiyín.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé. Ẹ ṣeun gan-an.